Ọgbẹ́, egbò àti jíjinná: ìtàn ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ẹnubodè Daagbé

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Daagbé, ní agbègbè Ifangni, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Láti ìgbà náà, èdè Faransé ni ọmọ Daagbé fi ń kọ́ nípa ara ènìyàn, ọmọ Ìpókíá lódìkejì sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà, inflammation, ni àwọn méjèèjì ń bá pàdé. Látìn ni wọ́n ti mú un. Iná ló wà nídìí rẹ̀.

Ó rọrùn láti fi "wíwú" túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ní ọ̀rúndún kìíní, Celsus ará Róòmù ka àmì mẹ́rin: pípọ́n, wíwú, gbígbóná àti ríro. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbi ọgbẹ́ ń fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ débẹ̀, ibẹ̀ á pọ́n, á sì gbóná. Omi á jò jáde láti inú iṣan, ibẹ̀ á wú. (Pípọ́n yìí kì í hàn ketekete lára dúdú, ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, nípa ooru.) Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí aláìsàn padà wá bí ojú ọgbẹ́ bá "wú", ẹni tí tirẹ̀ ń gbóná tó sì ń ro ó láìwú yóò jókòó sílé.

Nínú ìwé John Hunter, tó jáde ní 1794 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní èyí kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, pé ara ló ń ṣiṣẹ́. Ní 1882, ní Messina, Metchnikoff gún ọmọ ẹja-ìràwọ̀ tí ara rẹ̀ mọ́ gaara ní ẹ̀gún, ó sì rí i tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pagbo yí ẹ̀gún náà ká.

Èdè wa ti ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ọgbẹ́ ni ohun tí àdá ṣe lónìí. Bí kò bá pa ojú dé, tó kẹ̀, tí ọyún ń jáde, ó ti di egbò nìyẹn. Èyí tó pẹ́ jù, a ń pè é ní adáàjinná. Àwọn dókítà náà ń ya èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti pẹ́.

"Jinná" ló wù mí jù nínú wọn. Ibà ń san, ọgbẹ́ ń jinná, ẹran orí iná náà ń jinná. Ẹran tútù wà, ọgbẹ́ tútù wà. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: ohun tútù gba inú ooru kọjá títí iṣẹ́ fi parí lára rẹ̀. Bí ó bá jinná tán, àpá ló kù. Irun kì í hù lórí àpá ńlá, òógùn kì í sì í jáde níbẹ̀, nítorí okùn ẹran ara tí a sáré hun ni. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, bí àgbà ti wí.

Láti 1975, lábẹ́ ìlànà ìkọ̀wé Benin, ọmọ Daagbé tó bá kọ Yorùbá yóò kọ ɔgbɛ́ àti àkpá. Ẹni tó ń kọ ìwé ìtọ́jú ọgbẹ́ fún ẹnubodè yìí ní láti tẹ̀ ẹ́ lọ́nà méjì, kó sì kọ gbólóhùn náà pé: ó wú, ó gbóná, tàbí ó ń ro ó.