Ẹ̀wà Kúdẹtì: ta ló bọ́ ta nígbà ogun Ìjàyè?

Ní sáà tó kọjá, àwa bíi méjìlélógún kó àpò ìrẹsì, aṣọ àlòkù àti Bíbélì kéékèèké sínú bọ́ọ̀sì, a lọ sí abúlé kan tó tó ìrìn wákàtí méjì sí ọgbà wa. Ìjíhìnrere ni a pè é. A kọrin, a wàásù, a pín ẹrù, a sì ya fọ́tò tó pọ̀ ju ẹrù lọ. Nígbà tí a ń padà wọ bọ́ọ̀sì, ìyá àgbà kan dá wa dúró. Ó ní a kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfìfo, ó sì rán ọmọ ọmọ rẹ̀ nílé kí ó gbé iṣu mẹ́fà wá. Olórí wa dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, màmá, ẹ má ṣe ìyọnu, àwa la wá fún yín." Ojú ìyá náà yí padà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹ̀bùn í fún ni?"

A gba iṣu náà. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀. Àwọn kan ní kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ aláìní. Àwọn kan ní ta ló sọ pé aláìní ni. Nígbà tí a dé ilé, àwa tí a ń ka ìtàn nínú ẹgbẹ́ náà lọ wo ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lágbègbè wa, ìyẹn Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ orúkọ Hinderer láti ilé ẹ̀kọ́ sọ́ńdè. Ará Jámánì, láti agbègbè Württemberg, ni David Hinderer, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ CMS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rán an wá. Ó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851. Ní 1852 ó fẹ́ Anna Martin, ọmọ ìlú Hempnall ní Norfolk, tọkọtaya náà sì dé Ìbàdàn ní 1853. Ọmọ ọdún 26 ni Anna nígbà náà. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ti jáde ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣì ń bẹ̀rù láti lọ sin ìjọba ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà sí ilé!

Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni ń rìn wọ̀ bó ṣe wù ú. Ìlú ológun ni. Kò ní ọba aládé. Ẹni tó bá gbójú, tó ní ọmọ ogun lẹ́yìn, òun ló ń gòkè. Olúgbodé ni Baálẹ̀. Nígbà tí òyìnbó ní òun fẹ́ gbé láàárín wọn, àwọn ìjòyè jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n bi Ifá, wọ́n jiyàn, kí wọ́n tó fún un ní àyè. Àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ ẹ rárá. Àwọn òbí náà kò fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀, wọ́n ní ìwé yóò sọ ọmọ di ojo, kò ní lè jagun, kò ní lè roko. Ìjòyè kan ló kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ méjì wá, Akínyẹlé àti Yéjídé. Bí ẹ bá ti gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ Yejide Girls' Grammar School kọjá rí, orúkọ ọmọbìnrin yẹn ni ẹ kà.

Anna kò bímọ. Síbẹ̀ ilé rẹ̀ kún fún ọmọ: ọmọ ìjòyè, ọmọ tí ogun kó tí wọ́n rà padà, ọmọ tí òbí rẹ̀ kú. "Ìyá" ni wọ́n ń pè é. Títí di òní, St Anne's tó wà ní Mọ̀lété, orúkọ rẹ̀ ni ó ń jẹ́.

Títí dé ibí yìí, ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni: òyìnbó wá, òyìnbó fún wa. Ẹ jẹ́ kí a wá dé 1860.

Aláàfin Àtìbà ti wàjà. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí ọmọ rẹ̀, Adélù, jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ti Ìjàyè yarí, ó ní òun kò ní tẹríba fún ọba tí kò tẹ̀lé àṣà. (Ẹ̀yin tí ẹ ṣe eré Ọlá Rótìmí lórí ìtàgé lọ́dún kejì mọ ìyókù.) Ogun bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì ti ọ̀nà Abẹ́òkúta pa mọ́ Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú náà ti tiwọn. Kò sí ọ̀nà tí ẹrù lè gbà láti Èkó dé Ìbàdàn mọ́.

Ohun tí ó fa ìyà fún ilé Kúdẹtì nìyí, ó sì yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí àwa tí à ń fi fóònù sanwó lè má lóye rẹ̀. Owó ẹyọ ni owó ìgbà náà. Òké kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù odidi ènìyàn kan sì ni. Kò sí bí a ṣe lè dì í sínú àpò kí a sì yọ́ gba inú igbó. Owó tí CMS ń san fún Hinderer, Èkó ló ń ti wá. Bí ọ̀nà bá ti dí, ó lè ní owó lọ́wọ́ CMS bí iyanrìn, kò ní rí èyí tí yóò fi ra iṣu lọ́jà Ìbàdàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe fún oṣù mélòó kan. Ọdún bíi márùn-ún ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tó wà nínú ilé. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta àpótí, wọ́n ta agolo bísíkíìtì tó ti ṣófo, nítorí agolo níye lórí lọ́jà. Nígbà tí ohun títà ń tán lọ, ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n fi epo àti ata díẹ̀ sí. Ẹ̀wà lánàá, ẹ̀wà lónìí. Àwọn ọmọ tó wà nílé ń sunkún ebi. Àìsàn ibà kò sì yé bá Anna. Àwọn òyìnbó kan tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti sùn sí ibojì níbẹ̀.

Ta wá ló jẹ́ kí wọ́n yè? Àwọn ará Ìbàdàn ni. Àwọn aládùúgbò yá wọn ní owó ẹyọ, láìmọ ìgbà tí ọ̀nà yóò là tí gbèsè yóò ṣeé san. Àwọn ọmọ ìjọ, tí ogun ti sọ ọjà wọn di òfo, ń bù nínú díẹ̀ tí wọ́n ní. Àwọn kan nínú wọn kì í tilẹ̀ í ṣe onígbàgbọ́. Ẹ rò ó wò: ìlú wà lójú ogun, ẹ̀yà òyìnbó kan náà wà ní Abẹ́òkúta tó ń ti ọ̀tá wọn lẹ́yìn, síbẹ̀ obìnrin kan ní Ìbàdàn ka ẹyọ fún òyìnbó kan, ó ní kí ó lọ fi bọ́ ọmọ.

A kò sọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta yẹn lásán. Àwọn míṣọ́nnárì fúnra wọn kò fẹnu kò lórí ogun yìí. Henry Townsend, tó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ti Ẹ̀gbá lẹ́yìn. Hinderer ń gbèjà Ìbàdàn nínú lẹ́tà rẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè. Onígbàgbọ́ kan náà, CMS kan náà, ṣùgbọ́n oníkálukú ń fi ojú ìlú tó ń bọ́ ọ wo ogun. A kò sọ pé ó burú. A kàn rí i pé ẹni tó bá jẹun pẹ̀lú wa ló máa ń mọ ohun tó ń dùn wá.

Ìjàyè ńkọ́? Ìyà tibẹ̀ ju ti Ìbàdàn lọ fíìfíì. Ebi pa ìlú náà débi pé àwọn òbí ń fi ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lè fún un ní oúnjẹ. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi méjì láti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Phillips àti Stone. Wọ́n gba àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Láàárín ìgbà yẹn gan-an ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1861, owó tí àwọn ìjọ Gúúsù ń fi ránṣẹ́ sí wọn sì dáwọ́ dúró. Ẹni tó kó ọmọ ọlọ́mọ jọ kò tún ní owó oṣù mọ́. Ìtàn tiwọn tó ìwé kan lọ́tọ̀. Bóyá ẹnìkan nínú yín tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò kọ ọ́ fún wa.

Kúrunmí kú kí ogun tó tán. Ní oṣù kẹta 1862, Ìbàdàn wọ Ìjàyè, wọ́n sì pa á run. Míṣọ́nnárì CMS kan, Edward Roper, wà nínú ìlú náà, wọ́n sì mú un lẹ́rú wá sí Ìbàdàn. Nígbẹ̀yìn, ilé Hinderer ló dé, ẹnu kan sì tún kún ẹnu tó ń jẹ ẹ̀wà.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́ nítorí pé a fẹ́ràn ìtàn yìí. Ìbàdàn tó bọ́ ilé Kúdẹtì, òun náà ló kó àwọn ará Ìjàyè lẹ́rú. Oko tí iṣu ti ń wá, ẹrú ló ń ro púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ ọmọ Ìjàyè ka ohun tí a kọ, ó ní, "Ẹ̀ ń yin inú rere wọn, ta ló sọ̀rọ̀ àwọn ìyá ìyá mi?" Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ tó ń ya ẹyọ fún aládùúgbò lè jẹ́ ọwọ́ tó di okùn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́rùn. A kò rí ọ̀nà tí a lè gbà mú kí méjèèjì bára mu, nítorí náà a kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ní 1865, ọ̀nà kò tíì là tán. Glover, tó ń ṣe ìjọba Èkó, rán àwọn ènìyàn gba inú igbó lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú àga ìgbérù láti lọ gbé Anna jáde, nítorí ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó lọ, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Wọ́n tún padà wá, ṣùgbọ́n ní 1869 agbára pin, wọ́n lọ pátápátá. Anna kú ní 1870 ní Norfolk. Ní 1872 wọ́n tẹ ìwé tí a kó jọ láti inú lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jáde, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ ti wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, kò sí òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń gbé Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọ kò sì túká. Daniel Olúbi, ọmọ Abẹ́òkúta tó wọ ilé Hinderer gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ló di alábòójútó Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ bíi James Òkúṣeìndé. Wọ́n fi í jẹ díákónì ní 1871, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi di arúgbó. Ó kú ní 1912. Ọdún tí Olúbi lò ní Ìbàdàn ju ìlọ́po mẹ́ta ti Hinderer lọ. Ẹ wá bi ọmọ ọgbà wa mẹ́wàá bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. A bi wọ́n. Ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, òun náà sì jẹ́ ọmọ akọrin Kúdẹtì.

Ọmọ míràn tún wà ní Kúdẹtì nígbà ebi yẹn. Ọmọ bíi ọdún 14 ni nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Henry Johnson, jẹ́ Sàró tó kó ìdílé rẹ̀ wá láti Freetown láti bá Hinderer ṣiṣẹ́. Samuel ni orúkọ ọmọ náà, òun ló sì padà kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń gbé kiri nínú ẹ̀ka wa. Kí ó tó kọ ọ́ tán, iṣẹ́ míràn ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Ní 1886, gómìnà Èkó rán Samuel Johnson àti Charles Phillips, tó jẹ́ òjíṣẹ́ ní Oǹdó, láti máa lọ máa bọ̀ láàárín àgọ́ ogun méjèèjì. Wọ́n ń rìn láti ọ̀dọ̀ balógun kan sí òmíràn, wọ́n ń gbọ́ èébú ibí, wọ́n ń gbọ́ ti ọ̀hún. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ní oṣù kẹsàn-án wọ́n tú àgọ́ ká. Ọmọ tó mọ bí ebi ogun ṣe rí ló lọ bẹ àwọn ológun.

Ní ti àwọn tó yá Anna lówó ẹyọ, a wá orúkọ wọn. A ka ìwé náà, a lọ sí Kúdẹtì ní ọjọ́ Sátidé méjì, a bi àwọn àgbà ìjọ léèrè. Orúkọ Anna wà lára ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ti David wà. Ti àwọn obìnrin náà kò sí lára ohunkóhun tí a rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ní Kúdẹtì, ní Ọjà'ba tàbí ní Mọ̀lété, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ọ nílé pé ẹnìkan nínú ìdílé yín yá òyìnbó lówó nígbà ogun Ìjàyè. Ẹ̀yin ọmọ Ìjàyè náà, ẹ bi tiyín léèrè ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Ní ti ìyá àgbà oníṣu, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtilọ kí i lẹ́yìn ìdánwò, lọ́tẹ̀ yìí láìsí ìrẹsì, láìsí kámẹ́rà. Ó ti ránṣẹ́ pé àkókò ìkórè ni yóò jẹ́, kí a mú aṣọ iṣẹ́ dání.