Ìgbà Ooru ní Ilé Ìkàwé: Bí Ìsinmi Ilé-Ẹ̀kọ́ Ṣe Di Àsìkò Ìwé ní Amẹ́ríkà

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi gígùn ní Amẹ́ríkà, ilé ìkàwé gbogboogbò ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kó ọmọ wọn lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gba káàdì tí yóò máa kọ orúkọ ìwé tó bá kà sí títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọ́ àlọ́, tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń ya àwòrán, tí wọ́n sì ti ń wo eré. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ètò yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Oríṣi ènìyàn méjì ló kọ́ ọ: àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí wọ́n gbé ìwé jáde lọ bá àwọn tí kò lè wá, àti àwọn tí wọ́n tì síta tí wọ́n fi ara wọn wéwu kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Bí a bá sọ ti àwọn àkọ́kọ́ tí a fo ti àwọn ìkejì, ìtàn náà kò tíì pé.

Ibi tí ìsinmi gígùn ti wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ oko ló bí ìsinmi ìgbà ooru. Àwọn onímọ̀ ìtàn ẹ̀kọ́ ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbin ohun ọ̀gbìn, kí òtútù mìíràn tó dé ni wọ́n ń kórè. Nítorí náà, ní ìgbèríko, àárín òtútù àti àárín ooru gan-an ni ọwọ́ ọmọ àgbẹ̀ máa ń dilẹ̀ láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi láàárín ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19.

Ohun púpọ̀ ló yí èyí padà. Kíláàsì gbóná débi pé ọmọ kò lè jókòó. Ẹ̀rù àrùn ń ba àwọn òbí. Àwọn olówó a máa kúrò nílùú lọ sí etí òkun àti orí òkè nígbà ooru, wọn a sì kó ọmọ wọn lọ. Àwọn alábòójútó ẹ̀kọ́ tún ń sọ pé ọpọlọ ọmọ nílò ìsinmi, wọ́n sì fẹ́ kí ètò ìlú ńlá àti ti ìgbèríko bára mu. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, ìsinmi gígùn ti fìdí múlẹ̀. Ọmọ olówó ń rìnrìn àjò. Ọmọ òṣìṣẹ́ wà ní ìgboro láìní ohun tí yóò ṣe.

Àwọn àgbà pàápàá rí ìgbà ooru lò fún ẹ̀kọ́. Ní 1874, John Heyl Vincent, tó jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àti Lewis Miller, oníṣòwò ará Ohio, pe àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi jọ sí etí adágún Chautauqua ní ìpínlẹ̀ New York. Láìpẹ́, ìpàdé náà di ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ àsọyé lórí sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti orin. Ní 1878, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn tí kò láǹfààní láti lọ sí yunifásítì, kí wọ́n lè máa kà nílé wọn. Láti 1904, àwọn mìíràn fara wé wọn, wọ́n ń gbé àgọ́ láti ìlú kan dé èkejì, tí olùsọ̀rọ̀ àti olórin sì ń bá a kiri. Báyìí ni ará ìgbèríko ṣe mọ̀ pé ìgbà ooru lè jẹ́ ìgbà àpéjọ àti ìgbà ọgbọ́n.

Àwọn tó kọ́kọ́ ro ti ọmọdé

Peterborough ní New Hampshire ló kọ́kọ́ fi owó orí dá ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀, ní 1833. Ilé ìkàwé gbogboogbò ti Boston ṣí ní 1854. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 tàbí 14 yá ìwé.

Caroline Hewins wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀ fún èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Hartford, Connecticut, ní 1875. Ní 1882, ó tẹ àtòjọ ìwé tó dára fún ọmọdé jáde, ó sì ka ìròyìn síwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Ilé Ìkàwé Amẹ́ríkà lórí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe láti mú ọmọ fẹ́ràn ìwé gidi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta wọ́n jí.

Cleveland ní Ohio ni ìgbésẹ̀ náà ti wá di ètò. William Howard Brett, ọ̀gá ilé ìkàwé ibẹ̀ láti 1884, ti jẹ́ kí ará ìlú máa fọwọ́ ara wọn mú ìwé lórí pẹpẹ, nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń ti ìwé mọ́ ẹ̀yìn káńtà. Ní 1897, òun àti Linda Eastman, igbákejì rẹ̀, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọ tó bá wọ ẹgbẹ́ náà ṣèlérí pé òun yóò tọ́jú ìwé, òun yóò fọwọ́ kí òun tó ṣí i, òun yóò sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun nípa ìwé tó dùn. Láàárín ìgbà díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti forúkọ sílẹ̀. Ilé ìkàwé náà tún ń fún ọmọ ní àtòjọ ìwé tí wọ́n lè kà nígbà ìsinmi. Àwọn tó kọ ìtàn ètò ìkàwé ìgbà ooru a máa tọ́ka sí Cleveland gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn orísun rẹ̀. Nígbà tí Brett kú ní 1918, Eastman bọ́ sí ipò rẹ̀. Kò tíì sí obìnrin kan tó ṣe olórí ilé ìkàwé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà.

Ní Pittsburgh, àwọn òṣìṣẹ́ Frances Jenkins Olcott, alábòójútó iṣẹ́ ọmọdé ní ilé ìkàwé ibẹ̀, ń kó ìwé lọ sí pápá ìṣeré àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ irin tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ní New York, Anne Carroll Moore di alábòójútó iṣẹ́ ọmọdé ní 1906, ó sì fi àlọ́ pípa, ìfihàn ìwé àti àlejò òǹkọ̀wé sí àárín iṣẹ́ ilé ìkàwé. Owó ọlọ́rọ̀ kan, Andrew Carnegie, tó kọ́ ilé ìkàwé tó lé ní 1,600 káàkiri Amẹ́ríkà, jẹ́ kí ìlú kéékèèké rí ilé tí wọ́n lè lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà ní yàrá ọmọdé tiwọn.

Ìwé lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin

Síbẹ̀, ilé tó dára kò ran ọmọ tó ń gbé ní ìgbèríko lọ́wọ́. Mary Titcomb, ọ̀gá ilé ìkàwé ní Hagerstown, Maryland, ti kọ́kọ́ fi àpótí ìwé sí ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní àwọn abúlé. Ó rí i pé kò tó. Ní 1905, ó ní kí wọ́n kan kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin méjì ń fà, tí ìwé wà lórí pẹpẹ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Joshua Thomas, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé náà, ló ń wà á. Àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé àgbẹ̀ kan rò pé ọkọ̀ òkú ni, ó ní kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà òun. Wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kùn ún díẹ̀. Ní 1910, ọkọ̀ ojú irin kọlu kẹ̀kẹ́ náà, ó sì fọ́ yángá. Ní 1912, wọ́n fi mọ́tò rọ́pò rẹ̀. Láti ara èrò yìí ni ọkọ̀ ìwé tí ń yí ìgboro àti abúlé ká nígbà ìsinmi ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí Titcomb mọ̀ ṣe pàtàkì: ẹni tí kò wá kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ ìwé. Ọ̀nà jìn sí i, iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, tàbí kò dá a lójú pé a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì

Ní ìpínlẹ̀ Gúúsù, ó dá aláwọ̀ dúdú lójú pé wọn kò ní gba òun. Òfin àti àṣà ìyàsọ́tọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ń san owó orí. Ní Louisville, Kentucky, ẹ̀ka ilé ìkàwé àwọn aláwọ̀ dúdú ṣí ní 1905 lábẹ́ Thomas Fountain Blue. Ó bọ́ sí ilé tirẹ̀ tí owó Carnegie kọ́ ní 1908. Blue sọ ọ́ di ilé gbogbo àdúgbò: ẹgbẹ́ ń pàdé níbẹ̀, ọmọ ń gbọ́ ìtàn, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó wá láti ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìlú kò ní irú rẹ̀.

Ìgbà ooru ni ìjà tó ṣí ilẹ̀kùn máa ń wáyé lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹjọ, 1939, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú márùn-ún wọ ilé ìkàwé Alexandria, Virginia, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n béèrè káàdì, wọ́n kọ̀ fún wọn. Oníkálùkù mú ìwé, ó jókòó, ó ń kà láìpariwo, títí ọlọ́pàá fi wá kó wọn. Lọ́yà ọ̀dọ́ kan, Samuel Wilbert Tucker, ló ṣètò rẹ̀, òun náà ló sì gbèjà wọn ní kóòtù. Kàkà kí ìlú ṣí ilẹ̀kùn, ilé ìkàwé ọ̀tọ̀ tó kéré ni wọ́n kọ́ fún aláwọ̀ dúdú ní 1940.

Ní Lake City, South Carolina, ní 1959, ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Ronald McNair fẹ́ yá ìwé sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní ibẹ̀ kì í ṣe ti irú rẹ̀. Ó ní òun yóò dúró. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n pe ìyá rẹ̀, ó sì gbé ìwé náà lọ sílé níkẹyìn. McNair di onímọ̀ físíìsì, ó lọ sí òfuurufú, ó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú Challenger ní Oṣù Kìíní 1986. Ilé tí wọ́n ti fẹ́ lé e jáde ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní Oṣù Keje 1960, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ jókòó sí ilé ìkàwé Greenville ní South Carolina yìí kan náà. Jesse Jackson, ọmọ ọdún 18 tó wá di gbajúmọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, wà lára wọn. Ọlọ́pàá kó wọn. Ìlú kọ́kọ́ ti ilé ìkàwé pa, ṣùgbọ́n ó ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní Oṣù Kẹsàn-án. Ní ìgbà ooru 1964, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ya lọ sí Mississippi láti ran aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, wọ́n dá ilé ìkàwé òmìnira sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ìwé tí ènìyàn fi ṣe ìtọrẹ ni wọ́n kó síbẹ̀, inú ilé tí kò tóbi ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, ewu sì wà nídìí iṣẹ́ náà lójoojúmọ́.

Ojúde ìlú

Kì í ṣe ilé ìkàwé nìkan ló ń kó ènìyàn jọ nígbà ooru; ayẹyẹ ìgboro náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ní irú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹfà, 1865, ní Galveston, Texas, ọ̀gágun ìjọba kéde pé àwọn ẹrú ti di òmìnira. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n lè péjọ sí ṣọ̀wọ́n. Ní 1872, àwọn aláwọ̀ dúdú ní Houston dá owó jọ, wọ́n ra éékà ilẹ̀ mẹ́wàá fún ayẹyẹ yìí. Ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ títí dòní. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń ṣe àfihàn ìwé, ìtàn àti orin fún un.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ọmọ tirẹ̀ nínú àwọn ayẹyẹ wọ̀nyí. Lois Fernandez, ará Philadelphia, lọ sí Òṣogbo ní 1972, ohun tó rí níbẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ní 1975, òun àti Ruth Arthur fi ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ìlú fi ràn wọ́n lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ní àdúgbò South Street. Orúkọ rẹ̀ di Odunde. Ní ọjọ́ Àìkú kejì Oṣù Kẹfà, èrò máa ń tẹ̀ lé onílù lọ sí etí odò Schuylkill, wọ́n á fi òdòdó àti èso bọ Ọ̀ṣun, wọ́n á sì padà sí ọjà tó gba òpópónà púpọ̀. Ó ti wà lára àwọn ayẹyẹ aláwọ̀ dúdú tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀rí ìwádìí

Ní ti ìwé kíkà nígbà ìsinmi, olùwádìí kan, Barbara Heyns, tẹ ìwádìí tó ṣe ní Atlanta jáde ní 1978. Ó tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kíláàsì kẹfà àti keje, ó ń wo ohun tí wọ́n mọ̀ kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i pé ìsinmi ni àlàfo tó wà láàárín ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ń fẹ̀ sí i. Ó tún rí i pé ọmọ tó bá ka ìwé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa tẹ̀síwájú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò kà lọ, àti pé ilé ìkàwé gbogboogbò ran ọmọ lọ́wọ́ nígbà ooru ju ibi ẹ̀kọ́ ìjọba mìíràn lọ. Ohun tí Eastman àti Hewins gbàgbọ́ ti wá ní ẹ̀rí.

Ètò náà lónìí

Ní 1987, àwọn ilé ìkàwé ní Minnesota pa owó àti ọgbọ́n pọ̀ láti yan àkòrí kan ṣoṣo fún ìgbà ooru, kí wọ́n lè jọ tẹ ìwé àti àwòrán rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹgbẹ́ náà ti tàn kárí Amẹ́ríkà. Ní Bìrìtéènì, irú ètò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1999, níbi tí ọmọ ti ń ka ìwé mẹ́fà.

Oúnjẹ pàápàá ti wọ inú ètò yìí. Ọmọ tó ń jẹun ọ̀sán ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kò ní rí i nígbà ìsinmi, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń bá ìjọba pín oúnjẹ. Àwọn mìíràn pa owó ìtanràn ìwé tó pẹ́ rẹ́. Chicago ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019, nítorí gbèsè kékeré ń lé ọmọ tálákà sẹ́yìn. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn pa ní 2020, wọ́n pa àlọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi àpò ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí ìrònú yìí. Ní 1953, àjọ UNESCO pe àwọn amòye jọ sí Ìbàdàn lórí bí ilé ìkàwé gbogboogbò yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Wọ́n fẹnu kò pé ó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí owó ìlú máa gbé e ró, kó sì wà fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ wa náà ń sinmi láti Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án. Ìlú tó bá fẹ́ lo àsìkò yẹn kò nílò ilé aláràbarà kó tó bẹ̀rẹ̀: kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan ni Titcomb fi bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rùn-ún dọ́là ni Fernandez ní. Ohun tó nílò ni ìwé, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ, àti ìpinnu pé a kò ní lé ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọ̀nà.