Ẹlẹ́ṣin Onígi ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọmọdé tàgbà ni ó ń ra ọmọ-ogun kéékèèké tí a fi ike ṣe, tí wọ́n ń tò wọ́n sórí tábìlì láti fi ṣeré ogun. Ní ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Airfix bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Nínú ìwọ̀n 1 sí 72 tí ó wọ́pọ̀, ènìyàn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò di íǹṣì 1 péré. Bí irú ọmọ-ogun tí ẹnì kan ń fẹ́ kò bá sí lọ́jà, yóò gé orí ọ̀kan, yóò fi orí òmíràn rọ́pò rẹ̀, yóò sì tún un kùn.

Ẹ má ṣe rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Èkìtì.

Ní àríwá Èkìtì, wọn a máa gbé ère Ẹpa jáde lọ́jọ́ ọdún. Ojú rẹ̀ dàbí ìkòkò. Lórí rẹ̀ ni Jagunjagun sábà máa ń jókòó lórí ẹṣin. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹṣin kéré sí ẹni tí ó gùn ún, àwọn ẹmẹ̀wà sì tún kéré jù ú lọ. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére kò mọ ìwọ̀n: ipò ni ó fi ń wọn ènìyàn, kì í ṣe íǹṣì.

Ní ọdún 1886, Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà lórí Ogun Kírìjì, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ-ogun tó kúrò ní bùdó. Ogun parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di onígbàgbọ́. Iṣẹ́ wo ni ó wá kù fún ẹni tí ń gbẹ́ ẹlẹ́ṣin?

Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì-Ìlọrin, wá gbẹ́gi níbẹ̀. Nígbà tí ó ń gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, ó sọ àwọn amòye ìlà-oòrùn di ọba Yorùbá. Iṣẹ́ yí padà, ọwọ́ kò yí padà: ọnà lílé ni ìbẹ̀rẹ̀, tí í fa ère yọ lára igi, àlétúnlé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, kí fífín tó parí rẹ̀.

Inú àwọn onígbàgbọ́ kan kò dùn. Wọ́n ní òrìṣà ni ó tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ṣùgbọ́n Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó jẹ́ mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀, ó sì wá fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ní 1954 ni ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ọdún yẹn gan-an ni Àreògún kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ bu amọ̀ létí odò, kí ẹ mọ àwọn ajagun Kírìjì. Ẹ bi àwọn àgbà ilé bí wọ́n ti gbọ́ pé ajagun ń múra. Ohun tí a kò bá bi wọ́n lónìí, kò sí ọjà tí a ó ti rí i rà lọ́la.