Kí Ni Orúkọ Ń Sọ Kí Olórúkọ Tó Dé?

Lọ́pọ̀ ìgbà, a máa ń gbọ́ orúkọ ènìyàn kí a tó rí ojú rẹ̀. Bí olùkọ́ tuntun bá pe Ifáyẹmí nínú ìwé orúkọ kíláàsì, ọkàn rẹ̀ ti lọ sí ìdílé babaláwo. Bí ó bá pe Àyánwálé, ìlù ló sọ sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni Ifáyẹmí wà, kí Àyánwálé má sì mọ ìlù lù rárá. Èrò tèmi ni pé orúkọ kì í parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí a rò. Ìtàn ọkùnrin méjì ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú mú ọmọkùnrin kan ní Òṣogùn. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, ó fi hàn pé ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá rí orúkọ yìí lórí ìwé láìrí olórúkọ lè rò pé òyìnbó ni. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá lórí títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Àjàyí sọ bí ó ṣe wáyé. Crowther sọ ọ̀dọ̀ àwọn tí ó dàgbà sí. Kò sí èyí tí ó sọ irú ènìyàn tí yóò dà.

Ọkùnrin kejì ni David Brown Vincent, tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1860. Ó wà lára àwọn tí ó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní Èkó ní 1888. Ní 1894, ó pa orúkọ yẹn tì, ó di Mojọlá Agbẹ̀bí. Ó bọ́ aṣọ òyìnbó náà sílẹ̀. Ìwàásù rẹ̀ kò yí padà, ọgbọ́n orí rẹ̀ kò dín. Ohun tí ó yí padà ni ohun tí olùgbọ́ ń retí kí ó tó la ẹnu. Nígbà tí ó lọ sí ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà ènìyàn ní London ní 1911, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí yóò pè é ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ti àtijọ́. Ní 2004, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ bí 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Boston àti Chicago. Àwọn ìwé tí ó ní orúkọ bíi Emily àti Greg rí ìpè gbà ju àwọn tí ó ní orúkọ bíi Lakisha àti Jamal lọ ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ àti ìrírí inú wọn kò yàtọ̀. Nílẹ̀ wa náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ti yọ Ifá kúrò nínú orúkọ wọn, wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ni wọ́n wí, wọn kò wí pé ìwà ọmọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì ní ìwà tí a lè wò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi orúkọ dá ọmọ lẹ́jọ́, ilé tí wọ́n bí ọmọ náà sí ló ń dá lẹ́jọ́. Agbẹ̀bí yàtọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló yan tirẹ̀ ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá gbọ́ orúkọ, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí a sì ní sùúrù títí olórúkọ yóò fi hùwà.