Ológbò Kò Ṣeé Gbẹ́sẹ̀ Lé

Ní 1768, amòfin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Blackstone tẹ apá kẹta ìwé ńlá rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ England jáde. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé àwọn ohun tí onílé lè kó nílé ayálégbé tó jẹ owó ilé, àti àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ajá àti ológbò wà lára ohun tí kò ṣeé gbẹ́sẹ̀ lé. Kì í ṣe àánú ẹranko ló fà á o. Lójú òfin ìgbà náà, ajá àti ológbò kì í ṣe ohun tó níye lórí tí èèyàn lè pè ní dúkìá tòótọ́. Onílé lè gbé tábìlì, kó gbé àga, kó gbé aago ara ògiri, kó sì tà wọ́n. Ológbò á jókòó síbẹ̀, á máa wò wọ́n.

Ìtàn yìí wá sí wa lọ́kàn nítorí àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ti japa. Ẹni tó wà ní Peckham ń pè, ẹni tó wà ní Manchester ń pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n fẹ́ kó kúrò nílé, gbèsè owó ilé oṣù méjì wà nílẹ̀, dìpọ́síìtì wọn wà lọ́wọ́ onílé tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀, onílé tuntun ti na ọwọ́ fún tirẹ̀, ológbò kan sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, èyí tí wọ́n gbà nígbà tí òtútù àti àdánìkanwà fẹ́ pa wọ́n. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé yẹn, gbèsè owó ilé ló bí púpọ̀ nínú òfin tó ń dáàbò bo ayálégbé, kò sì sí èyí tí àwọn onílé jókòó tí wọ́n fi inú rere gbé kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òfin kíkó ẹrù yẹn. Òyìnbó ń pè é ní distress, orúkọ rẹ̀ sì rò ó. Onílé kò ní láti lọ sí kóòtù kankan. Owó ilé ti di gbèsè, ó parí. Ó lè wọlé fúnra rẹ̀ tàbí kó rán èèyàn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n tà á. Àmọ́ ìdènà díẹ̀ wà. Kò gbọdọ̀ fọ́ ilẹ̀kùn ìta. Kò sì gbọdọ̀ kó ẹrù lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, àfi tó bá tún yọ. Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Bí òfin bá so ọwọ́ onílé lóru, òru ni ayálégbé máa kó.

Bó ṣe rí nìyẹn. Fífi òru bojú kó ẹrù di ohun tí gbogbo àdúgbò tálákà mọ̀, débi pé ó ní orúkọ: moonlight flit, ká sọ pé ìkólọ abẹ́ òṣùpá. Àwọn onílé náà ò sùn. Òfin kan ti wà láti 1737 tó gbà wọ́n láyè láti tọpa ẹrù tí ayálégbé bá fi màgòmágó kó jáde, kí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e níbi tí wọ́n bá ti rí i láàárín 30 ọjọ́. Ayálégbé tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè san ìlọ́po méjì iye ẹrù náà. Ní 1888 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní kí wọ́n fi aṣọ ọrùn, ibùsùn àti irinṣẹ́ iṣẹ́ sílẹ̀ fún onígbèsè, títí dé iye pọ́n-ùn márùn-ún. Òfin distress fúnra rẹ̀ ò kú lórí ilé gbígbé àfi ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Bẹ́ẹ̀ ni, 2014. Facebook ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn.

Ní 1919, Marie Lloyd, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin orí ìtàgé ní London, gbé orin kan jáde lórí irú ìkólọ bẹ́ẹ̀, “Don't Dilly Dally on the Way”. Orin ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Tọkọtaya kan ń sá fún owó ilé. Wọ́n ti di ẹrù kún ọkọ̀, àyè ò ṣẹ́ kù fún ìyàwó, ló bá ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹyẹ rẹ̀ lọ́wọ́, ló bá ṣìnà. Àwa ò lè ṣàìrò ó wò pé nínú gbogbo ẹrù ilé, ẹyẹ yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé.

Ẹni tó bá kó lóru, ara rẹ̀ nìkan ló gbà là. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Glasgow, ní Scotland, ní 1915 yàtọ̀, torí pé àwọn obìnrin ibẹ̀ kọ̀, wọn ò kó lọ síbì kankan. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ wá sí ìlú náà láti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà àti ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi lẹ́bàá odò Clyde. Ilé ò tó. Àwọn onílé bá fi owó kún owó ilé. Níbòmíràn, àfikún náà tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ sì wà lójú ogun.

Ní àdúgbò Govan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Barbour kó àwọn ìyàwó ilé jọ. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ò le rárá: a máa san iye ti tẹ́lẹ̀, a ò ní san àfikún. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé àwọn ò kó. Obìnrin kan á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Bó bá ti rí òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń bọ̀ wá lé èèyàn jáde, á lu agogo, àwọn yòókù á tú jáde láti ilé ìdáná àti ibi ìfọṣọ, wọ́n á da ìyẹ̀fun lu ọkùnrin náà, wọ́n á lé e padà síbi tó ti wá. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe nígbà tí Funmilayo Ransome-Kuti kó wọn jáde lórí owó orí á ti mọ irú èèyàn tí à ń sọ.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, nǹkan bí ìdílé 20,000 ni kò san àfikún náà mọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, wọ́n pe ayálégbé 18 lẹ́jọ́ gbèsè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, obìnrin pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, rọ́ dé iwájú kóòtù. Ìjọba nílò ọkọ̀ ogun ju bí onílé ṣe nílò owó lọ. David Lloyd George tó jẹ́ mínísítà ohun ìjà dá sí i, wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà, kí ọdún tó parí, òfin ti jáde tó dá owó ilé padà sí iye tó wà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Irú àfikún tí wọ́n fi pe èèyàn lẹ́jọ́ ní oṣù Kọkànlá di ohun tí òfin kò gbà ní oṣù Kejìlá. Wọ́n gbẹ́ ère Mary Barbour sí Govan ní 2018. Ó pẹ́ díẹ̀, àbí?

Ìjọba ń ṣàkóso owó ilé bẹ́ẹ̀, ó ń fún un pọ̀, ó ń dẹ̀ ẹ́, títí di 1957 tí òfin tuntun fi sọ pé ilé tí ayálégbé bá ti kó jáde nínú rẹ̀, onílé lè gbé owó rẹ̀ dé ibi tó bá wù ú. Yàrá tó ṣófo wá di góòlù. Ní Notting Hill, Peter Rachman, ẹni tó ti ilẹ̀ Poland sá wá, mọ ohun tó kù ní ṣíṣe: kí àwọn ayálégbé àtijọ́ ṣáà ti jáde. Wọ́n ní àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ máa ń fa ajá ńlá dání tí wọ́n bá ń bọ̀. (Ajá onílé kì í gba àṣẹ kó tó wọlé.) Àwọn tó ń gba yàrá náà lọ́wọ́n gógó ni àwọn aláwọ̀ dúdú láti Caribbean, torí pé àwọn onílé mìíràn ò gbà wọ́n.

Àkókò yẹn náà ni àwọn èèyàn wa, akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ọ̀sì láti Èkó àti Ìbàdàn, ń wá yàrá ní London. Ìpolówó máa ń sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Òmíràn á ní àwọn ò fẹ́ ajá tàbí ọmọdé. “Telephone Conversation” tí Wole Soyinka kọ dá lórí irú ìpè bẹ́ẹ̀, onílé obìnrin kan tó fẹ́ mọ bí awọ ẹni tó ń wálé ṣe dúdú tó. Òfin tí wọ́n ṣe lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní 1965 ò kan ọ̀rọ̀ ilé. Ó di 1968.

Èsúsú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi jà. Àwọn ará Trinidad ń pè é ní susu, àwọn ará Jamaica ní pardner. Báńkì ò yá wọn lówó, wọ́n ń dá owó jọ, ẹni tó bá kàn á fi san owó àkọ́kọ́ lórí ilé, á wá fi yàrá yòókù háyà fún ará ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ayálégbé àná ṣe di lándílọ́ọ̀dù. A ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ lándílọ́ọ̀dù yẹn.

Àmọ́ dìpọ́síìtì ló ń dun àwọn ọ̀rẹ́ wa jù. Láti 1989 tí òfin tuntun ti dá owó ilé padà sọ́wọ́ ọjà, onílé lè fún ayálégbé ní nótíìsì oṣù méjì láì sọ ìdí kankan, dìpọ́síìtì á sì wà nínú àpò ara rẹ̀. Bó bá ní ẹ ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé ara yín lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2007 ni èyí yí padà ní England àti Wales: onílé gbọ́dọ̀ fi owó náà sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, láàárín 30 ọjọ́ báyìí. Bí kò bá ṣe é, kóòtù lè ní kó san iye kan náà fún yín, tàbí kó tó ìlọ́po mẹ́ta. Tí àríyànjiyàn bá dé, owó yín ni títí onílé á fi mú ẹ̀rí wá. Ó lè yọ gbèsè owó ilé nínú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ìṣirò hàn. Ohun tí òfin ò tíì yanjú ni pé ti àtijọ́ kì í jáde kí onílé tuntun tó gba tirẹ̀. Méjì lẹ máa gbé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá ti gbélé l'Ékòó rí mọ owó yìí sí caution fee. Òfin ayálégbé tí Gómìnà Fashola fọwọ́ sí ní 2011 ní kí onílé já rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé náà ló ń wà. A mọ àwọn tó gbà á padà. Wọn ò pọ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, England fi gbèdéke lé dìpọ́síìtì: ọ̀sẹ̀ márùn-ún owó ilé fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ayálégbé. Àwọn onílé tó ń gba àfikún dìpọ́síìtì nítorí ológbò ò lè kọjá ibẹ̀ mọ́, ni àwọn kan bá gbé e gba ẹ̀yìn, wọ́n sọ ọ́ di owó ológbò oṣooṣù. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, ní kí ayálégbé kọ̀wé béèrè, kí onílé sì fèsì nínú ìwé láàárín 28 ọjọ́. Kò lè kọ̀ láì ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Òfin kan náà fòpin sí nótíìsì aláìnídìí, ó sì sọ pé gbèsè gbọ́dọ̀ tó oṣù mẹ́ta, kì í ṣe méjì bíi ti tẹ́lẹ̀, kó tó di dandan fún adájọ́ láti dá ilé padà fún onílé.

Púpọ̀ nínú èyí ò kan ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Bẹ́ẹ̀, irú yàrá yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Àǹtí kan tàbí Bọ̀dá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilé tí ó lè jẹ́ pé èsúsú ni wọ́n fi rà á. Dìpọ́síìtì wà lọ́wọ́ Àǹtí. Kò sí ètò ìjọba tó ń bá yín ṣọ́ ọ. Ó nira láti wo ojú ẹni tó gbà yín wọlé nínú òtútù kẹ́ ẹ ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ rìsíìtì.” Ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́. Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ láti báńkì, kẹ́ ẹ kọ “deposit” sí i, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ògiri àti kápẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, torí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kéékèèké ṣì ṣí sílẹ̀ fún yín, ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n sì máa béèrè níbẹ̀. Ní ti ológbò, ohun tí Àǹtí bá sọ ni.