Pípààrọ̀ méènì bíárìn àti síìlì ẹ̀yìn kíráńkì

Pípààrọ̀ méènì bíárìn àti síìlì ẹ̀yìn kíráńkì jẹ́ ara iṣẹ́ ńlá tí mẹkáníìkì máa ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti pẹ́ lójú títì. Méènì bíárìn ni abala irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kíráńkì ń yí lórí rẹ̀. Síìlì ẹ̀yìn ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò sórí kílọ́ọ̀ṣì. Mercedes-Benz 911 ni àpẹẹrẹ tí a mú níhìn-ín.

Ìtàn

Sàlámì Agbájé ti Ayéyẹ wà lára àwọn oníṣòwò Ìbàdàn tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò. Lẹ́yìn náà ni bọ́lẹ̀kájà tí káfíńtà kan ara pákó fún gba ìgboro. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣàdéhùn láti máa to ọkọ̀ ńlá nílé: Leyland n'Ìbàdàn, Mercedes-Benz ní Enugu, Fiat ní Kano, Steyr ní Bauchi. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ọdún 1986, ọkọ̀ tuntun wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ onímọ́tò lọ. Títún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣe ló wá ń gbé oúnjẹ dé ọjà.

Ohun tó ń fà á

Òkè Mápó n'Ìbàdàn ga, títì Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnká sì há. Ọkọ̀ tó ru iṣu á dúró, á ṣí, á tún dúró. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì ló ń ti kíráńkì síwájú, èyí sì ń jẹ bíárìn tó ń dá a dúró. Ọ́ìlì tó ti pẹ́ jù ń dá kún un.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ́ńjìnnì OM 352 inú 911 ní sílíńdà 6 àti méènì bíárìn 7. Gíà, kílọ́ọ̀ṣì àti fùláíwíìlì ló ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kí sọ́ǹpù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá á yẹ ojú bíárìn wò: bí àwọ̀ eérú rẹ̀ bá ti ṣí tí bàbà pupa yọ, ó ti jẹ nìyẹn. Wọ́n á gbé kíráńkì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, ní ìpele mìlímítà 0.25 títí dé 1.00. Bíárìn tí wọ́n bá rà, ì báà jẹ́ ní ọjà Àràròmí ní Géètì n'Ìbàdàn, gbọ́dọ̀ bá ìpele náà mu.

Ihò ọ́ìlì ara bíárìn gbọ́dọ̀ kojú ti búlọ́ọ̀kù. Ọmọrí bíárìn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọn kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí wọ́n bá ti de ọ̀kan le, wọ́n á fọwọ́ yí kíráńkì wò, kí wọ́n lè tètè mọ èyí tó gan.

Síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì yìí rí bí okùn, ìdajì lókè, ìdajì nísàlẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì, wọ́n á fi igi roboto tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n á sì fi abẹ gé etí rẹ̀ tó yọ. Bí bíárìn bá ti tú, kíráńkì tó ń mì á tún jẹ síìlì tuntun. Ẹni tó pààrọ̀ síìlì nìkan á tún padà wá.

Àríyànjiyàn

Àwọn kan ní àwọn lè ti ìsàlẹ̀ yí bíárìn tuntun wọlé láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ó ṣeé ṣe bí ojú kíráńkì bá ṣì dán, ṣùgbọ́n kò fàyè gba wíwọn kíráńkì yíká, ó sì nira láti fi síìlì okùn ti òkè síbi tó yẹ. Ipò kíráńkì ló yẹ kó pinnu rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí títí yóò fi gba fíríìdọ́ọ̀mù.