Ọ̀nà Tí Ọta Ń Gbà Balẹ̀: Ogun Àgídìǹgbì Ọdún 1851



Ní Fọlá Àgòrò tí mò ń gbé, àwọn ọmọdé a máa sọ òkò sí igi furúùtù. Ẹni tí ó bá mọ òkò sọ nínú wọn kì í wo èso náà gan-an. Òkè rẹ̀ díẹ̀ ni yóò fojú sùn, nítorí ó mọ̀ pé bí òkò bá ti kúrò lọ́wọ́ ni ilẹ̀ ti ń fà á. Ìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wo ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Àgídìǹgbì tàbí Ogun Ahóyaya. Àwọn kan a máa sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé ìmọ̀ ìbọn yíyìn àwọn òyìnbó ló borí àìmọ̀ tiwa. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè kí wọ́n lè dá Akítóyè padà. Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n tún wá pẹ̀lú ọkọ̀ Bloodhound àti Teazer àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Kòsọ́kọ́ ti ri òpó mọ́ inú omi, ó sì ti to ìbọn àgbá sí etí ọ̀sà.

Galileo ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1638 pé ìrìn méjì ni ohun tí a jù ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń lọ síwájú, ó sì ń já bọ́, ìkan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Bí a bá yin ọta gbọọrọ láti orí odi, tí ọsàn kan sì bọ́ láti ibi gíga kan náà ní àkókò kan náà, àwọn méjèèjì yóò kanlẹ̀ pọ̀, bí a bá yọ ti atẹ́gùn kúrò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọta á ti wálẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 5. Láàárín méjì, ó di nǹkan bíi 20. Nítorí náà ayìnbọn gbọ́dọ̀ gbé ẹnu àgbá sókè tó ohun tí ọta yóò fi rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè yọ ti atẹ́gùn kúrò lójú ogun. Benjamin Robins fi hàn ní ọdún 1742 pé ó ń dín eré ọta kù gidigidi, ju bí àwọn onímọ̀ ìgbà rẹ̀ ti rò lọ. Ojú àti ìrírí ni ayìnbọn fi ń mọ ìyókù, yálà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni tàbí ọmọ Èkó.

Ọkọ̀ tí ń rìn ló ń da ìṣirò yìí rú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, Teazer fìdí kanlẹ̀, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Bí ọta bá kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n á gbé ẹnu àgbá sókè. Bí ó bá fò ó kọjá, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìbọn etí omi náà há ọkọ̀ yìí mọ́ débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní láti gúnlẹ̀ láti lọ kan ìṣó dí ihò wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú nínú ogun náà ju mẹ́wàá lọ, iye àwọn tí ó sì fara gbọgbẹ́ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣé iṣẹ́ aláìmọ̀kan nìyẹn?

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló yí ọ̀rọ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Mysore ní ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí irú rẹ̀ kí Congreve tó tún un ṣe. Kì í tọ ọ̀nà gbọọrọ bí ọta. Ó ń yà kiri. Ọ̀kan bọ́ sílé Ọ̀ṣọ́dì Tápà níbi tí wọ́n kó ẹ̀tù sí, ilé náà bú gbàmù, iná sì ràn mọ́ àwọn òrùlé koríko. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 28 mọ́, Kòsọ́kọ́ ti fi ìlú sílẹ̀. Ohun ìjà tí kò dájú jù lọ nínú ogun náà ló parí rẹ̀.

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Fọlá Àgòrò tó nǹkan bíi kìlómítà 8. Kò sí ọta ìgbà náà tí ó lè dé ibẹ̀. Ìró nìkan ló lè dé, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá 23. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì; ní ọdún 1861, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ fi Èkó lé wọn lọ́wọ́.